Ẹsẹ̀ Òsì ní Ìsàlẹ̀ Èkó

Òórùn kílọ́ọ̀ṣì tó ń jó kì í ṣàjèjì sí ẹni tó bá ti gbọ́ ọ rí. Kò jọ ti rọ́bà, kò jọ ti epo, kò sì jọ ti wáyà iná. Á ta sí ni nímú, á sì há sí ọ̀fun. Ibi tí mo ti ń gbọ́ ọ jù lọ ní Erékùṣù Èkó ni ẹsẹ̀ Afárá Carter ní Ìdúmọ̀tà, pàápàá ní ìrọ̀lẹ́ tí ọjà bá ń tú, tí gbogbo ọkọ̀ tó ń padà sí Ìdó àti Oyíngbò bá dojú kọ afárá lẹ́ẹ̀kan náà. Èrò inú dáńfó á bẹ̀rẹ̀ sí í wojú ara wọn: "Kí ló ń jó?" Awakọ̀ ò ní dáhùn, torí ó mọ ohun tó ń jó. Ojú dísìkì ló ń rùn bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi po ohun tí wọ́n tẹ̀ mọ́ ọn lára. Ooru ti ju èyí tó lè gbà lọ.

*

Mẹkáníìkì kan ní Òkè Pópó ló ṣàlàyé kílọ́ọ̀ṣì fún ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lójú mi. Kò lo ìwé, kò sì fi nǹkan kan yàwòrán. Ó na àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Èyí òsì ni flywheel, ẹ́ńjìnì ló ń yí i. Èyí ọ̀tún ni dísìkì, òun ló ń gbé agbára lọ sínú jíà. Pressure plate ló ń tì wọ́n mọ́ra." Ó pa ọwọ́ méjèèjì pọ̀ gírígírí, ó ń yí wọn pọ̀.

"Ṣé ọwọ́ mi ń gbóná?"

"Rárá, ọ̀gá."

Ó yà wọ́n sọ́tọ̀ pátápátá. "Báyìí ńkọ́?"

"Rárá, ọ̀gá."

Ó wá jẹ́ kí wọ́n kanra díẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kan gbo èkejì kíákíá. Kò bèèrè ohunkóhun mọ́. Ọmọ náà ti ń fi àtẹ́lẹwọ́ tirẹ̀ dán an wò.

Mi ò tíì rí àlàyé tó yéni ju ìyẹn lọ. Kílọ́ọ̀ṣì tí a fi sílẹ̀ pátápátá kì í jẹ, ì báà jẹ́ pé ọkọ̀ ń sá eré ọgọ́rùn-ún kìlómítà ní wákàtí kan. Èyí tí a tẹ̀ dé ilẹ̀ náà kì í jẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé release bearing, èyí tó ń ti pressure plate, ń jìyà lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹsẹ̀ bá wà láàárín méjèèjì ni dísìkì ń jẹ. Láti Èbúté Èrò dé Ìta Fájì, àárín yẹn gan-an ni ọkọ̀ máa ń wà látàárọ̀ dalẹ́: kò dúró, kò rìn. Nítorí náà, tí ọkọ̀ méjì bá jáde lọ́jọ́ kan náà, tí ọ̀kan ń ná ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn, tí èkejì ń ná Ọbaléńdé sí Ìdúmọ̀tà, ti Ọbaléńdé ni yóò kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, bí ti Ìbàdàn tilẹ̀ rin ìrìn tó pọ̀ jù ú lọ ní ìlọ́po ìlọ́po.

*

Ilẹ̀ Erékùṣù tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni tó kọ́ ọkọ̀ ní Ìbàdàn ti bá Òkè Màpó pàdé, ẹni tó kọ́ ọ ní Abẹ́òkúta ò lè sá fún òkè. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ò ní òkè kankan tí yóò fi kọ́ṣẹ́ àfi afárá. Afárá Carter, tí wọ́n kọ́kọ́ parí ní 1901, tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè, tí wọ́n sì tún kọ́ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Afárá Èkó tó sọ̀ sí Apọ́ńgbọ̀n. Third Mainland tí wọ́n ṣí ní 1990, tó gùn tó kìlómítà 11.8, tó ní ẹsẹ̀ kan tó bọ́ sí Adéníji Adélé. Ibẹ̀ ni súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti ń ká àwọn ènìyàn mọ́ orí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ibẹ̀ náà la sì ti ń mọ ẹni tó mọ kílọ́ọ̀ṣì lò.

Ẹ wo awakọ̀ dáńfó kan lórí ìgòkè Apọ́ńgbọ̀n. Ọkọ̀ iwájú ò kúrò lójú kan, síbẹ̀ táyà tirẹ̀ ò sinmi: ó sún síwájú ní ìwọ̀n ìka kan, ó sún sẹ́yìn, ó tún sún síwájú. Kò fọwọ́ kan háńdíbíréèkì, kò tẹ bíréèkì. Iná tó ń tẹ̀ díẹ̀ àti kílọ́ọ̀ṣì tó gbé dé ààbọ̀ ló fi ń gbé gbogbo ọkọ̀, èrò àti ẹrù dúró. Bálánsì ni wọ́n ń pe èyí, àwọn ọ̀dọ́ sì ka ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣe sí ọ̀gá. Òótọ́ ni pé ọgbọ́n wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó lè mú tọ́ọ̀nù méjì dúró láìjẹ́ kí ó kú, láìjẹ́ kí ó yí padà lu ọkọ̀ ẹ̀yìn, ẹsẹ̀ tó gbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ní gbogbo àsìkò tó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀, flywheel ń yí, dísìkì dúró, wọ́n sì ń gbo ara wọn. Bí ìdúró náà bá tó ìṣẹ́jú méjì, òórùn á jáde.

Awakọ̀ àgbàlagbà tó wà nínú Peugeot lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fa háńdíbíréèkì, wọ́n fi jíà sí fíríì, wọ́n gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò pátá. Nígbà tí ọ̀nà là, wọ́n tẹ kílọ́ọ̀ṣì, wọ́n kó o sí jíà kìíní, wọ́n tẹná díẹ̀, wọ́n sì rọra gbé ẹsẹ̀ òsì títí ohùn ẹ́ńjìnì fi rẹlẹ̀, tí imú ọkọ̀ sì gbé sókè díẹ̀. Nígbà yẹn ni wọ́n tó ju háńdíbíréèkì sílẹ̀. Ọkọ̀ ò yí padà ní ìwọ̀n ìka kan. Ó gba ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan péré, ìgbà tí dísìkì sì fi gbo ojú irin kò ju bí ènìyàn ṣe ń mí sínú lẹ́ẹ̀kan lọ.

Ìdí tí ọ̀pọ̀ dáńfó kì í fi ṣe bẹ́ẹ̀ kò farasin: háńdíbíréèkì wọn ti kú tipẹ́. Wáyà rẹ̀ ti já tàbí kó ti rọ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn, torí ọkọ̀ ṣì ń rìn, bíréèkì ẹsẹ̀ ṣì ń mú. Èmi gbà pé nínú gbogbo àtúnṣe tí a lè fi gba kílọ́ọ̀ṣì là ní Èkó, wáyà háńdíbíréèkì ló rọrùn jù. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí a fi ń sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí kílọ́ọ̀ṣì òun pẹ́, kí ó kọ́kọ́ lọ tún háńdíbíréèkì ṣe.

*

Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ayé àtijọ́ ní ọgbọ́n tiwọn. Ọmọ ọkọ̀ máa ń di igi onígun mú, tí wọ́n ń pè ní wẹ́jì, tó ti dúdú fún epo. Bí ọkọ̀ bá ti dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, á fò bọ́ sílẹ̀, á ki wẹ́jì bọ abẹ́ táyà ẹ̀yìn, awakọ̀ á sì gbé ẹsẹ̀ méjèèjì. Bí ọkọ̀ bá gbéra, ọmọ ọkọ̀ á yọ ọ́, á sáré, á sì so rọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Iṣẹ́ tó léwu ni, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ àti ìka ló bá a lọ, mi ò sì ní kí ẹnikẹ́ni padà sí i. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé àwọn baba wa mọ̀ pé kì í ṣe kílọ́ọ̀ṣì ni a fi ń dá ọkọ̀ dúró.

*

Jíà kejì kì í ṣe jíà ìgbéra. Dáńfó tó kún fọ́fọ́ tó ń fi jíà kejì kúrò ní Ọbaléńdé ń jẹ kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ níṣu níṣu. Àìfẹ́ yí jíà lẹ́ẹ̀kan sí i ló ń fa gbogbo rẹ̀.

*

Òpópónà Nnamdi Azikiwe, ní ọ̀sán, láti Ìdúmọ̀tà sí Tinúbu. Alábàárù ń kọjá láàárín ọkọ̀, ọmọge ń ta omi inú ọ̀rá, ọkùnrin kan gbé báńdù aṣọ lé orí. Ọkọ̀ ń sún ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ó dúró, ó tún sún. Ibí ni kílọ́ọ̀ṣì ti ń kú jù, kódà ju orí afárá lọ, torí pé ènìyàn ò mọ̀ pé òun ń pa á. Ẹ̀rù gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kò sí níbẹ̀ tí yóò múni ronú.

Ohun tí mo rí lọ́wọ́ àwọn tí kílọ́ọ̀ṣì wọn ń pẹ́ ni pé wọn kì í sún nígbà gbogbo tí ọkọ̀ iwájú bá sún. Wọ́n á dúró ní fíríì, ẹsẹ̀ òsì á wà nílẹ̀, wọ́n á jẹ́ kí àyè tó ìwọ̀n ọkọ̀ kan tàbí méjì ṣí sílẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n á kó o sí jíà kìíní, wọ́n á fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátápátá, wọ́n á sì jẹ́ kí ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀ máa wọ́ ọkọ̀ lọ láìtẹná. Jíà kìíní láìtẹná kì í sá ju ìrìn ẹlẹ́sẹ̀ tó ń kánjú lọ, ìyẹn gan-an sì ni eré tí òpópónà náà gbà. Ìgbà kan ni wọ́n máa gbéra báyìí dípò ìgbà mẹ́rin tí ẹlòmíràn gbéra.

Gbogbo ẹni tí mo bá sọ ọ́ fún ló ń fún mi ní èsì kan náà: "Bí mo bá fi àyè sílẹ̀ ní Èkó, wọ́n á wọlé síwájú mi." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n á wọlé. Kẹ̀kẹ́ á wọlé, dáńfó á wọlé. Mo ti wo àwọn tó kọ̀ tí wọn ò fi àyè sílẹ̀ àti àwọn tó fi sílẹ̀, wọ́n jọ ń dé Tinúbu ni. Ọkọ̀ méjì tó wọlé síwájú ẹni kì í sọ ìrìn di ọ̀la. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń fi ẹ̀sọ̀ wakọ̀ lójú pópó yìí sì ń jẹ èrè rẹ̀ lára kílọ́ọ̀ṣì wọn.

Ọ̀rọ̀ iná tí a ń tẹ̀ náà ní ìṣirò nínú. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹni tó bá mú ẹ́ńjìnì rẹ̀ dúró sórí yíyí 2,000 ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó rọra fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ooru tó ń dà sórí dísìkì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ẹni tó ṣe é ní 1,000. Kì í ṣe ìlọ́po méjì. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ tó ń ké "vuun" kí ó tó kúrò lójú kan fi ń ba kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ jẹ́, bí ó tilẹ̀ ń dùn létí ọmọdé.

*

Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà kúrò ní wíwakọ̀ ní apá òsì, tí a bọ́ sí apá ọ̀tún. Títí di ọjọ́ yẹn, awakọ̀ ń jókòó lápá ọ̀tún ọkọ̀, ọwọ́ òsì ló fi ń yí jíà. Lẹ́yìn rẹ̀, tí ọkọ̀ tí ìdarí rẹ̀ wà lápá òsì gbòde, ọwọ́ ọ̀tún ló gba jíà. Ọwọ́ ní láti kọ́ iṣẹ́ tuntun, ojú ní láti kọ́ ibi tí yóò máa wò ní oríta Tinúbu. Ẹsẹ̀ nìkan ni kò kọ́ nǹkan kan: kílọ́ọ̀ṣì ò kúrò lápá òsì, bíréèkì ò kúrò láàárín, iná ò kúrò lápá ọ̀tún. Mo máa ń ronú pé àwọn awakọ̀ Èkó ìgbà yẹn rí nǹkan fi ọkàn tẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn nígbà tí gbogbo ìlú yí padà láàárín òru kan.

*

Kí synchromesh, ẹ̀rọ tó ń mú eré jíà bára mu, tó dé, ọkọ̀ kankan kì í gba jíà láìjẹ́ pé awakọ̀ mọ orin ẹ́ńjìnì. Cadillac ló kọ́kọ́ fi í sínú ọkọ̀ ní 1928, ó sì pẹ́ kí ó tó dé inú ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ń lò níhìn-ín. Àwọn tó wa bọ́lẹ̀kájà ní láti tẹ kílọ́ọ̀ṣì lẹ́ẹ̀mejì fún jíà kan: wọ́n á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á yọ jíà sí fíríì, wọ́n á fi sílẹ̀, wọ́n á tẹná díẹ̀ bí wọ́n bá ń bọ̀ sílẹ̀ sí jíà kékeré, wọ́n á tún tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n tó kó jíà sí i. Ẹni tó bá kù díẹ̀ káàtó, jíà á han gooro, gbogbo èrò á sì mọ̀. Àwọn àgbà awakọ̀ tó kọ́ṣẹ́ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi agbára ti jíà títí di òní. Ọwọ́ wọn máa ń dúró díẹ̀ ní àárín, ní fíríì, kí ó tó kọjá. Ẹ lè fi ìyẹn dá wọn mọ̀.

*

Volkswagen ìjàpá tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Bàdágírì, ní 1975, àti Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná lọ́dún kan náà: àwọn wọ̀nyí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ní Erékùṣù fi mọ mọ́tò. Wáyà kan ṣoṣo ló so ẹsẹ̀ mọ́ kílọ́ọ̀ṣì ìjàpá. Ó máa ń já, mo sì mọ àwọn tí wọ́n wà á délé láìní kílọ́ọ̀ṣì rárá: wọ́n á pa ẹ́ńjìnì, wọ́n á kó o sí jíà kìíní, wọ́n á yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ á sì fò gbéra. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ náà ni ti dáńfó Volkswagen àtijọ́, ẹni tó bá fẹ́ rí kílọ́ọ̀ṣì sì ní láti gbé gbogbo ẹ́ńjìnì bọ́ sílẹ̀. Mẹkáníìkì méjì tó mọṣẹ́ lè ṣe é ní òwúrọ̀ kan lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, pẹ̀lú jáàkì àti táyà àlòkù lábẹ́ rẹ̀.

*

Bí ẹ bá jókòó síwájú nínú dáńfó, ẹ wo ibi tí ẹsẹ̀ òsì awakọ̀ ń sinmi nígbà tí ọ̀nà dán. Bí ó bá wà nílẹ̀, ó dára. Bí ó bá wà lórí kílọ́ọ̀ṣì, bó tilẹ̀ fúyẹ́, release bearing ti fara kan pressure plate, ó sì ń bá a yí lọ láìnídìí. Bí ó bá wúwo díẹ̀ sí i, pressure plate ò ní di dísìkì mú dáadáa mọ́, á máa yọ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé àwọn ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ dáńfó máa ń bọ́ sílípáàsì wọn, wọ́n á fi ẹsẹ̀ lásán tẹ kílọ́ọ̀ṣì, mo sì gbà pé wọ́n jàre lórí ìyẹn, torí ẹsẹ̀ lásán máa ń mọ ibi tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń mú, ju bàtà onígìgísẹ̀ gíga lọ.

Bearing náà ní ohùn tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ dúró ní fíríì, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì: bí ariwo bá bẹ̀rẹ̀, bearing kílọ́ọ̀ṣì ló ń ké. Bí ariwo bá wà nígbà tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, tó sì dákẹ́ nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, inú jíàbọ́ọ̀sì ni kí ẹ wá a sí. Kí kílọ́ọ̀ṣì tó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ pátápátá náà, ó máa ń sọ fún ni: ní jíà ńlá, lórí Third Mainland tó dán, tí ẹ bá tẹná mọ́ ọn, ohùn ẹ́ńjìnì á lọ sókè ṣùgbọ́n ọkọ̀ ò ní yára sí i. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ti ń wa gbèsè.

*

"Alhája, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa pààrọ̀."

"Ṣebí dísìkì ló jẹ? Ẹ bá mi pààrọ̀ èyí tó jẹ, ẹ jẹ́ kí n máa lọ."

"Ẹ dákun, Alhája. Bí mo bá sọ jíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀ lónìí tí mo pààrọ̀ dísìkì nìkan, tí bearing bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, jíàbọ́ọ̀sì yìí náà la tún máa sọ kalẹ̀. Owó iṣẹ́ lẹ tún máa san, ẹ ò ní sọ pé èmi ni mo jẹ ẹ́?"

Alhája náà wò ó, wọ́n wo ìsàlẹ̀ Golf wọn, wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ n rí àwọn tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tí ẹ bá tú u." Ohun tó dára jù lọ tí oníbàárà lè sọ fún mẹkáníìkì nìyẹn. Mẹkáníìkì náà jàre. Dísìkì, pressure plate àti bearing, ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n wọlé, kí a sì wo ojú flywheel bóyá ó ti jó tàbí ó ti sán. Bí epo bá ń jò láti ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì, kí a dí i kí a tó dé e pa. Epo tó bá kan dísìkì tuntun á sọ ọ́ di àlòkù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

*

Ní Ládípọ̀, ní Múṣin, tí ọ̀pọ̀ ará Erékùṣù ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, dísìkì tòkunbọ̀ máa ń wà nínú òkìtì, wọ́n ti fọ̀ ọ́, ó ń dán. Dídán rẹ̀ ò sọ nǹkan kan. Ẹ wo orí ìṣó tó kan ojú rẹ̀ mọ́ irin: ó yẹ kí ó rì wọlé, kí èékánná lè bọ́ sínú ihò rẹ̀. Nínú ìwé àtúnṣe Toyota, bí jíjìn rẹ̀ bá ti dín sí mìlímítà 0.3, ó ti tán. Ẹ fi àtàǹpàkò mi àwọn sípíríǹgì tó wà láàárín rẹ̀, bí wọ́n bá ń mì jẹgẹjẹgẹ, ẹ dá a padà. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Dísìkì tó ti jó rí kì í gbàgbé.

*

Ohun kan wà tó ń dùn mí gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá tú kílọ́ọ̀ṣì, eruku dúdú ló máa ń kún inú ilé rẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n sì máa ń ní kí ó fẹnu fẹ́ ẹ tàbí kí ó fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ lé e dànù. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, asbestos wà nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe ojú dísìkì àti bíréèkì. Ó máa ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, ó sì máa ń dúró níbẹ̀ fún ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ kí àìsàn jẹjẹrẹ tó yọjú. Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù (EU) ti fòfin dè é láti 2005. Ẹni tí kò mọ ibi tí dísìkì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti wá kò mọ ohun tó wà nínú eruku rẹ̀. Aṣọ tó tutù ni kí a fi nù ún, tàbí kí a fi omi wọ́n ọn kí a tó fọwọ́ kàn án. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ò gbọ́dọ̀ fi èémí rẹ̀ san owó kílọ́ọ̀ṣì ẹnikẹ́ni.

*

Kẹ̀kẹ́ Máàwá, tí wọ́n fi orúkọ Buba Marwa pè, ẹni tó jẹ́ alákòóso ológun Èkó láti 1996 sí 1999, ọwọ́ òsì ni kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ wà. Ọwọ́ kan náà ló ń fún kílọ́ọ̀ṣì tó sì ń yí jíà. Dísìkì rẹ̀ ò pọ̀ ní fífẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n tò ó ní ìpele ìpele nínú ọ́ìlì, ọ́ìlì náà ló sì ń gbé ooru kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi lè fara da súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ju ti mọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì bá ti dúdú tó sì ti ṣàn, àǹfààní yẹn tán. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 tí Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà, Erékùṣù Èkó wà lára wọn, kílọ́ọ̀ṣì ọwọ́ tí a ń rí níhìn-ín ti dín kù gan-an.

*

Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023, mò ń rí àwọn tó ń fi fíríì sọ̀kalẹ̀ láti orí Afárá Carter. Wọ́n ní àwọn ń ṣọ́ epo lò. Ó yé mi, epo ti wọ́n. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó bá ń lo injector kì í mu epo rárá nígbà tó bá wà nínú jíà tó ń sọ̀ láìtẹná, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á ti pa epo. Ní fíríì ni ẹ́ńjìnì ń mu epo kí ó má bàa kú. Ẹni tó fi fíríì sọ̀kalẹ̀ ń ná epo tó rò pé òun ń tọ́jú, bíréèkì nìkan ló sì kù fún un láti dúró lójú àwọn tó ń rọ́ gba ojú pópó kọjá ní Ìdúmọ̀tà. Kí ó fi í sí jíà kẹta tàbí ìkeji kejì kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kí ó gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò, kí ó sì jẹ́ kí bíréèkì ṣe ìyókù. Kí ó má máa já jíà wálẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan láti fi dá ọkọ̀ dúró, torí ojú bíréèkì rọrùn láti pààrọ̀ ju ojú kílọ́ọ̀ṣì lọ.

*

Òjò. Omi máa ń dúró ní Ìdúmàgbò àti lápá Adéníji, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀. Bí omi bá ti ga dé ibi tí kílọ́ọ̀ṣì wà, ó lè wọlé, kílọ́ọ̀ṣì á sì máa yọ̀ bí ẹni pé ó ti jẹ. Kí a má bínú sí i. Jíà kìíní, kí a máa rìn láìdúró, kí a má ṣe háàfù kílọ́ọ̀ṣì, tó bá ṣeé ṣe. Lẹ́yìn tí a bá jáde, kí a rọra wà á títí yóò fi gbẹ. Èyí tó burú ni kí a gbé ọkọ̀ tó tutù bẹ́ẹ̀ pa fún oṣù kan sínú ọgbà, nítòsí ọ̀sà. Ìpẹtà á so dísìkì mọ́ flywheel, a ó tẹ kílọ́ọ̀ṣì títí, jíà ò ní wọlé.

*

Ọjọ́ tí Eyò bá jáde, tí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó bá funfun, ẹsẹ̀ ni gbogbo ènìyàn fi ń rìn, kílọ́ọ̀ṣì á sì sinmi. Mo fẹ́ràn láti gba àárín títì kọjá ní Ẹnu Ọwá lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀.

*

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹni tó bá fi ọkọ̀ ọ́tòmátíìkì yege ìdánwò kò ní ẹ̀tọ́ láti wa ọkọ̀ tí a ń fọwọ́ yí jíà rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkó tó wà níbẹ̀ máa ń sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ìyàlẹ́nu nígbà tí wọ́n bá wálé, tí wọ́n bá rí ọmọkùnrin tó ń fi Volkswagen LT àtijọ́ kó èrò. Níhìn-ín náà, Corolla ọ́tòmátíìkì ló kún inú iṣẹ́ takisí orí fóònù. Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ kọ́ kílọ́ọ̀ṣì lónìí, ọ̀dọ̀ àwọn onídáńfó ni yóò lọ. Kò yẹ kí a máa pe iṣẹ́ wọn ní iṣẹ́ aláìmọ̀kan. Ìmọ̀ ẹsẹ̀ tó wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹ̀rọ ò ní in.

*

Rìfáàsì. Ní ọjọ́ Sátidé, kánópì á ti dí ojú títì láàárín Òkè Pópó àti Lafíàjí, àga ti tò, onílù ti ń gbáradì. Ọkọ̀ tó ti wọ inú òpópó náà kò ní ibòmíràn láti gbà, ẹ̀yìn ló máa fi jáde, láàárín ogiri méjì, gọ́tà lápá kan, àwọn ọmọdé lápá kejì. Kò sí ìgbà tí ènìyàn ń fìyà jẹ kílọ́ọ̀ṣì tó báyìí: ojú wà lẹ́yìn, ọrùn ti yí, ọkàn ò sí lọ́dọ̀ ẹsẹ̀, ẹ́ńjìnì ń ké, kílọ́ọ̀ṣì wà ní ààbọ̀ fún gbogbo gígùn òpópó náà. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe á kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ wo ẹ̀yìn. Á bẹ ọmọkùnrin kan níbẹ̀ kí ó bá òun wò ó, á tẹ kílọ́ọ̀ṣì, á kó o sí rìfáàsì, á gbé ẹsẹ̀ òsì kúrò láìtẹná, á sì jẹ́ kí ọkọ̀ fi agbára ẹ́ńjìnì nìkan máa wọ́ sẹ́yìn. Bí ó bá fẹ́ dúró, á tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ilẹ̀, á tẹ bíréèkì. Bí ó bá tún fẹ́ lọ, á fi kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ pátá. Ọmọkùnrin náà á máa pariwo, "Ẹ máa bọ̀, ẹ máa bọ̀, ẹ ṣẹ́ ẹ sí òsì díẹ̀, ẹ máa bọ̀!" títí tí wọ́n á fi já sí Ìgbóṣẹ̀rẹ̀.